Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Jókòó Láàárín Àgbẹ̀ àti Darandaran

Iṣẹ́ tí a yàn fún ojú ìwé yìí ni láti máa wo ìmọ̀ ìgbàlódé, kí a sì bi í léèrè ohun tí ó mú bọ̀ fún ilẹ̀ wa. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó kàn lónìí. Èmi kò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, èyí tí a ń bi ní ìbéèrè, tí ó sì ń dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tí kò mọ̀. Ẹ̀ka mìíràn ni mo mú wá, ẹ̀ka tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti nǹkan bí ọdún 30 sẹ́yìn: létí odò Ọya ní Málì, ní àfonífojì odò Senegal, àti nínú pápá Ferlo. Ìṣòro tí ó sì ń wá ojútùú sí níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa lórí òkè Kétu níhìn-ín. Báwo ni ẹni tí ń ro oko, ẹni tí ń da ẹran, àti ẹni tí ń pọn omi yóò ṣe máa lo ilẹ̀ kan náà láìpa ara wọn?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Okpómẹ́ta, Idigny tàbí Adakplamé mọ ohun tí mò ń wí. Bí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, màlúù a máa sọ̀ kalẹ̀ láti ìhà àríwá wá. Àgbàdo ti wọ àká, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀, òwú ṣì ń funfun lórí igi rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àgbẹ̀ a dé oko, a sì bá ẹsẹ̀ màlúù níbi tí ewé ẹ̀gẹ́ wà lánàá. Darandaran náà a sì ní ojú ọ̀nà tí bàbá òun ń gbà dé ibi omi ni wọ́n kọ ebè sí. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òtítọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti ń le. Ní ọdún 2018, orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin lórí ọ̀ràn ẹran dídà, èyí tí a ń pè ní «code pastoral». Ó dára kí òfin wà. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kò lè mọ ibi tí ọ̀nà màlúù ti gba ẹ̀yìn oko opó kan kọjá. Àwọn ará abúlé ni ó mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yẹn: àwọn ará abúlé ni ó mọ̀ ọ́n.

Olùṣe púpọ̀, ọ̀gá kò sí

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe ẹ̀ka yìí ní èdè Faransé ni «systèmes multi-agents». Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ètò olùṣe púpọ̀. Olùṣe ni ohunkóhun tí ó lè wo àyíká rẹ̀, kí ó pinnu, kí ó sì ṣe nǹkan, láìdúró de àṣẹ láti òkè wá.

Ẹ wo ọjà wa ní ọjọ́ ọjà. Ta ni ó ń pàṣẹ iye tí a ó ta òṣùwọ̀n àgbàdo kan? Kò sí ẹnìkan. Ìyá tí ń tà á wo iye àpò tí ó kù nílẹ̀, ó gbọ́ iye tí ẹni tí ó jókòó tì í ń pè, ó rò ó bóyá òjò yóò rọ̀ kí òun tó délé. Ẹni tí ń rà wo owó ọwọ́ rẹ̀, ó ná an, ó yí ẹ̀yìn padà, wọ́n sì tún pè é. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sán, iye kan ti jókòó sí ọjà náà, gbogbo ènìyàn sì ti mọ̀ ọ́n. Iye yẹn kò ti orí ẹnikẹ́ni jáde. Láàárín gbogbo wọn ni ó ti hù. Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ṣe hù, kò tó kí a bá ẹnìkan ṣoṣo sọ̀rọ̀, kò sì tó kí a kó gbogbo wọn pọ̀ kí a wá ìdajì. Àfi kí a wo bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn.

Ní ọdún 1987, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Craig Reynolds fi èrò yìí ṣe ọ̀wọ́ ẹyẹ nínú kọ̀ǹpútà. Kò kọ́ ọ̀wọ́ náà bí yóò ṣe fò. Òfin mẹ́ta péré ni ó fún ẹyẹ kọ̀ọ̀kan: má ṣe kọ lu ẹni tí ó sún mọ́ ọ, máa kọrí sí ibi tí àwọn tí ó yí ọ ká kọrí sí, má ṣe jìnnà sí àárín wọn. Àwọn ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò, wọ́n ń yí, wọ́n ń pín sí méjì bí ìdènà bá dé, wọ́n sì tún ń pàdé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí ọ̀wọ́ ẹ̀ga lójú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹyẹ kan tí í ṣe ọ̀gá, síbẹ̀ ètò wà. Ní ọdún 1995, Jacques Ferber tẹ ìwé ńlá kan jáde ní èdè Faransé lórí ìmọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí ó ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní èdè náà ni ó sì gba ọwọ́ ìwé yẹn kọjá.

Láti orí ẹja dé orí apẹja

Ẹni tí ó mú ìmọ̀ yìí kúrò lórí ẹyẹ inú ẹ̀rọ, tí ó gbé e wá sí ẹ̀bá odò tiwa, ni François Bousquet, onímọ̀ ará ilẹ̀ Faransé. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀ àkúnya odò Ọya ní àárín Málì. Lọ́dọọdún, odò náà a kún, a bo pápá, a sì tún fà. Àwọn Bozo àti àwọn Somono ti ń pẹja níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn Fúlàní sì ń da màlúù wá sí koríko tútù tí omi bá fi sílẹ̀.

Kí Bousquet tó dé, bí àwọn onímọ̀ ṣe máa ń ṣírò ọ̀ràn ẹja pípa nìyí: iye ẹja inú odò, kí a yọ iye tí apẹja kó kúrò, kí a fi iye tí ẹja bí kún un. Ìṣirò náà tọ́, ṣùgbọ́n gbogbo apẹja ti di nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni apẹja tí ó ní àwọ̀n ńlá kò rí bí ẹni tí ó ní ìwọ̀. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ni ó ni ojú odò kan kò rí bí àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bousquet fún apẹja kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀, àpò tirẹ̀ àti ìpinnu tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó fi ẹja àti omi tí ń kún tí ń fà sí i, ó sì wò bí nǹkan ṣe ń lọ. Ìwádìí yìí ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1994.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ju ọ̀ràn ẹja lọ nìyí. Ní ọdún 1968, Garrett Hardin, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kékeré kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ó ní ohun tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò kò lè ṣàì bàjẹ́: darandaran kọ̀ọ̀kan yóò máa fi màlúù kan kún ti tẹ́lẹ̀, nítorí èrè jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó jọ ń jẹ ìyà pápá tí ó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ìjọba gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, wọ́n sì fi ṣe àwáwí láti gba ilẹ̀ àti igbó lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní ọdún 2009, ni ó fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ó wo àwọn tí ń jọ lo omi, igbó àti pápá ní oríṣiríṣi ilẹ̀, ó sì rí i pé àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń ṣòfin fúnra wọn, wọ́n sì máa ń bá arúfin wí. Darandaran inú ìwé Hardin kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ti rí irú darandaran bẹ́ẹ̀ rí?

Bousquet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní CIRAD, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ilẹ̀ Faransé tí ó wà ní Montpellier, wá ṣe irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan fún irú ọ̀ràn yìí. Wọ́n fi í hàn fún àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ní ọdún 1998. Cormas ni orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì sọ ohun tí ó wà fún: ohun àjùmọ̀lò àti olùṣe púpọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Káàdì, pátákó àti ìjókòó abúlé

Títí di ìhín, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan ni. Àfonífojì odò Senegal ni ọ̀nà ti yà.

Ní ibẹ̀, wọ́n kọ́ ìsédò méjì, ti Diama tí ó parí ní ọdún 1986 àti ti Manantali ní ọdún 1988, kí omi lè wà fún oko ìrẹsì abomirin. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan a ní ẹ̀rọ ìfami kan; wọ́n a jọ yá owó ra epo àti ajílẹ̀; wọ́n a jọ pín omi. Bí àwọn kan kò bá san gbèsè wọn, gbogbo ẹgbẹ́ lè má rí owó yá mọ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ẹni tí ó wà lókè bá fa omi ju bí ó ti yẹ lọ, oko ẹni ìsàlẹ̀ a gbẹ. Ọ̀pọ̀ oko bẹ́ẹ̀ ni a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rọ a ní ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́; àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a ní àgbẹ̀ ni kò gbọ́n. Olivier Barreteau, tí òun àti Bousquet jọ ń ṣiṣẹ́, gbé àwòṣe kan kalẹ̀ tí ó pè ní SHADOC. Ó fi ìbátan àwọn àgbẹ̀ sí ara wọn sínú rẹ̀: ta ni ó lè bá ta ni wí, ta ni ń sanwó nígbà tí ẹlòmíràn bá san, ta ni kì í san bí ẹnìkan kò bá san. Ó sì wò bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè pẹ́ tó.

Ìbéèrè kan wá dìde, ìbéèrè tí èmi ka sí gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Báwo ni àgbẹ̀ ṣe lè gba ohun tí àpótí kan sọ nípa rẹ̀ gbọ́, nígbà tí kò rí inú àpótí náà? Àwọn onímọ̀ ì bá ti sọ pé kò pọn dandan kí ó rí i. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n yọ kọ̀ǹpútà kúrò, wọ́n sì sọ àwòṣe náà di eré. Wọ́n fún un ní orúkọ ní èdè Pulaar, èdè àwọn Fúlàní ibẹ̀: «Njoobaari ilnoowo». Àwọn àgbẹ̀ jókòó yí ká, wọ́n fa káàdì, káàdì a sì sọ irú ènìyàn tí olúkúlùkù yóò jẹ́ àti ìwà tí yóò hù sí gbèsè àti omi. Wọ́n pín omi, wọ́n gbin ìrẹsì, wọ́n san gbèsè tàbí wọ́n kọ̀. Bí ó bá sì dé ibi tí eré kò bá ìgbé ayé wọn mu, wọ́n lè sọ ọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tí a ń ṣe ìwádìí lé lórí di ẹni tí ń yẹ ìwádìí náà wò. Ní ọdún 2001, Barreteau, Bousquet àti Jean-Marie Attonaty kọ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde fún àwọn onímọ̀ ayé.

Ní ìsàlẹ̀ odò náà, Patrick d'Aquino, Christophe Le Page, Bousquet àti Alassane Bah gbé e síwájú sí i. SelfCormas ni wọ́n pe ti wọn. Wọ́n yí ètò iṣẹ́ náà padà. Kì í ṣe onímọ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ òfin eré tí àwọn ará abúlé wá yẹ̀ wò. Àwọn ará abúlé ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́ fún wọn: kí ni màlúù ń fẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ni àgbẹ̀ ń fẹ́, níbo ni omi wà àti ní oṣù wo. Wọ́n fi ìyẹn ṣe eré fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni a tó fi ohun tí wọ́n sọ sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìkẹyìn ni ẹ̀rọ wọlé, ìtẹ̀lé ọ̀rọ̀ wọn ni ó sì ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ Alassane Bah. Ọmọ Senegal ni, ó sì ti ṣe olùkọ́ ní École Supérieure Polytechnique ti Yunifásítì Cheikh Anta Diop ní Dakar. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe àwòṣe mìíràn, èyí tí wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, lórí Thieul nínú pápá Ferlo. Ìlú tí kànga ẹ̀rọ wà ni, irú èyí tí a ń pè ní «forage». Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti ń gbẹ́ irú kànga bẹ́ẹ̀ káàkiri Ferlo. Ẹ rò ó wò: ibi tí omi bá wà ní gbogbo ọdún, màlúù yóò péjọ síbẹ̀. Koríko tí ó wà nítòsí yóò kọ́kọ́ tán. Ẹran yóò wá máa rìn jìnnà wá oúnjẹ, yóò sì tún rìn padà wá mu omi, agbára rẹ̀ yóò sì máa tán lójú ọ̀nà. Àwọn tí ń dáko náà fẹ́ wà nítòsí omi. Igi gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ tí àwọn kan ń kọ. Omi tí a mú wá láti tú ìṣòro kan di ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń fún ara wọn mọ́lẹ̀ lójú kan náà. Ọmọ ilẹ̀ náà ni ó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Kí ni ìwọ̀n ipa ìwádìí?

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga máa ń ka iye ìgbà tí onímọ̀ mìíràn dárúkọ ìwé ẹni. Ìwọ̀n kan ni ìyẹn, èmi kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀n mìíràn. Ní Ross Béthio, ní ìsàlẹ̀ odò Senegal, ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn ará ìlú àti ìgbìmọ̀ wọn jókòó láti ṣètò ìlò ilẹ̀, d'Aquino sì wà lára àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe ni a ń pè ní POAS. Wọn kò pa ààlà tí ó sọ pé àgbẹ̀ nìkan níhìn-ín, màlúù nìkan lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn ilẹ̀ kan wà tí oko ti ṣíwájú, kí darandaran ṣọ́ra níbẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ẹran ti ṣíwájú, kí àgbẹ̀ tí ó bá dáko síbẹ̀ mọ̀ pé òun ni yóò ṣọ́ra. Àwọn mìíràn sì wà fún ẹran pátápátá. Ìlànà náà tàn dé àwọn àgbègbè mìíràn létí odò náà. Òye kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé a lè jọ wà lórí ilẹ̀ kan, bí a bá ti mọ ẹni tí ó yẹ kí ó yẹra fún ẹnì kejì, àti ìgbà tí ó yẹ.

Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ yìí kọ ìwé àdéhùn kan tí wọ́n fi de ara wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni wọ́n pè ní «modélisation d'accompagnement», èyíinì ni àwòṣe tí ń bá ènìyàn rìn. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ pé àwọn kò ní fi ohun tí ó wà nínú àwòṣe pamọ́ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, pé àwọn yóò sì máa fi ohun tí pápá bá sọ tún àwòṣe ṣe. Ọ̀nà yìí rin ìrìn àjò. Ní Bhutan, lórí òkè gíga ilẹ̀ Éṣíà, abúlé méjì, Limbukha àti Dompola, ń jà lórí omi tí wọ́n fi ń lọ́ ìrẹsì. Eré àti Cormas ni a fi mú wọn jókòó. Ohun tí a kọ́kọ́ gbìn létí odò Áfíríkà ni àwọn ará Éṣíà ń jẹ èso rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ìmọ̀ gba ọ̀nà yẹn rìn.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ ọ́ di oògùn gbogbo-nìṣe. Àwòṣe kì í ṣe ifá. Kì í sọ ohun tí yóò ṣẹ lọ́la. Ohun tí ó ń sọ ni pé, bí ẹ bá ń hùwà báyìí, ibi tí ó lè já sí nìyí. Bí ìjókòó bá jẹ́ ti àwọn ọlọ́lá abúlé nìkan, ọ̀rọ̀ ọlọ́lá ni ẹ̀rọ yóò máa kà padà fún wa. Bí obìnrin tí ń pọn omi kò bá sí níbẹ̀, omi rẹ̀ kò ní sí nínú eré. Bí a kò bá pe darandaran, a ó ṣe àdéhùn tí ó dára púpọ̀, tí màlúù kò sì ní tẹ̀ lé. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn. Bí ìgbìmọ̀ ìlú kò bá sì fi ọwọ́ sí ohun tí a fẹnu kò lé, bébà lásán ni.

Ní ilẹ̀ Kétu ńkọ́?

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ dán eré kékeré kan wò ní àsìkò ìsinmi. Kò gba iná mànàmáná, kò gba owó. Ẹ fi ẹ̀ẹ́dú ya àwòrán onígun mẹ́rin sórí pátákó tàbí sílẹ̀, kí ẹ pín in sí ojú ilé 100, mẹ́wàá lóròó, mẹ́wàá níbùú. Ẹ fi àmì sí ibi omi, igbó tíìkì, abúlé, àti ọ̀nà màlúù bí àwọn àgbà bá ṣe júwe rẹ̀. Kí ènìyàn mẹ́fà jẹ́ àgbẹ̀, kí mẹ́ta jẹ́ darandaran, kí méjì jẹ́ ìyá tí ń pọn omi tí wọ́n sì ń ṣe gàrí, kí ẹnìkan jẹ́ àgbà tí ń fún ni ní ilẹ̀. Òkúta ni màlúù, ẹ̀wà ni ìkórè. Ẹ jọ pinnu iye màlúù tí koríko ojú ilé kan lè bọ́ ní ìgbà òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, àti iye tí oko kan ń mú wá. Ẹ ta á ní ìgbà mẹ́wàá, òjò márùn-ún, ẹ̀ẹ̀rùn márùn-ún. Ẹ kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí àgbẹ̀ di darandaran, kí darandaran di àgbẹ̀, kí ẹ sì tún un ta.

Ẹ óò rí nǹkan méjì, ó kéré tán. Èkíní, ìjà lè bẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú eré burú. Ó tó kí oko kan ṣoṣo dí ẹnu ọ̀nà tí ó lọ síbi omi, kí màlúù gbogbo darí sínú oko ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tí a bá ń bá jà kọ́ ni ó dá ọ̀ràn sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Èkejì, òfin tí ẹ bá fi ẹnu ara yín ṣe yóò yé yín ju èyí tí a kà sí yín létí lọ. Ẹ pe àwọn àgbà wá wò ó. Ẹ pe ọmọ Fúlàní tí ẹ jọ wà ní kíláàsì, kí ó sọ ibi tí eré kò bá ti bàbá rẹ̀ mu. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà ni ó mọ ọ̀nà màlúù ti àtijọ́, ọmọdé ni ó lè kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ bá a lọ títí, ọ̀nà wà ní orílẹ̀-èdè wa. IFRI wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi, níbi tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. IMSP wà ní Dangbo fún ìmọ̀ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ní ipele gíga. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀ láti Kétu kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Èdè Yorùbá wà lẹ́nu rẹ̀, ó mọ oṣù tí a ń gbin òwú, ó mọ bí omi ilẹ̀ wa ṣe jìn tó, ó sì mọ ìdílé tí ó ni ilẹ̀ àti ìdílé tí a fún ní ilẹ̀. Lójú olùkọ́ mìíràn, nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ìmọ̀. Nínú ẹ̀ka ìmọ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, òfin tí olùṣe kọ̀ọ̀kan yóò máa tẹ̀ lé ni wọ́n jẹ́, láìsí wọn kò sí àwòṣe rárá.

Àwọn kan yóò ṣe àwòṣe ilẹ̀ wa, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti àwọn ọ́fíìsì tí ó jìnnà ti ń fi ẹ̀rọ ṣírò ibi tí ọ̀nà yóò gbà, ibi tí igbó yóò wà, àti iye ẹran tí pápá lè gbà. Nínú ìṣirò wọn, a lè jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí àwọn apẹja Málì ti jẹ́ kí Bousquet tó fún olúkúlùkù ní ojú tirẹ̀. Tàbí kí a jẹ́ ẹni tí ó kọ òfin eré náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Okpómẹ́ta, ẹ fi èsì eré yín ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí, ní Yorùbá tàbí ní Faransé: àwòrán ilẹ̀ tí ẹ yà, òfin tí ẹ ṣe, àti ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. A ó tẹ èyí tí ó bá dára jù jáde, kí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú lè kà á.